Ìpínrọ̀ Kẹrin

Lẹ́tà náà wà lọ́wọ́ Hameedah, àwọn ìyá méjìdínlógún sì ń wò ó lẹ́nu. Wọ́n ti kún pálọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà, Alhaja Àsúmáù, láti ògiri dé ògiri. Àwọn kan wà lórí àga, àwọn kan wà lórí ẹní, àwọn méjì sì fara ti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì torí pé kò sáyè mọ́. Àsàlátù ọjọ́ Àìkú ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Àsìkò yìí ni oníkálukú máa ń tú báàgì rẹ̀ wò, tí yóò fa lẹ́tà ọsibítù tàbí ti ilé gbígbé yọ, kí Hameedah lè bá wọn kà á ní Yorùbá.

Iṣẹ́ yìí dùn mọ́ Hameedah. Ìṣẹ́yìn ni wọ́n bí i sí, ó sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kó tó dé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí náà Yorùbá ẹnu rẹ̀ dá ṣáká. Ní báyìí tó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kò sí gbólóhùn Òyìnbó tó lè dí i lọ́wọ́. Bó bá ti kà tán, àwọn ìyá á ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè, wọ́n á sì rọ̀jò àdúrà lé e lórí. Ká sòótọ́, àdúrà yẹn ti fẹ́ẹ́ máa gùn ún.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, inú rẹ̀ kò dùn, ohun tó sì bà á nínú jẹ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó fi káàdì tó ní fọ́tò kọ́rùn. Yusrah ni.

Láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti jọ ń rìn. Búlọ́ọ̀kù kan náà ni wọ́n ń gbé, bọ́ọ̀sì kan náà ni wọ́n ń wọ̀. Ìgbà tí kọmíṣọ̀n ilẹ̀ ẹ́sítéètì wọn ní àwọn fẹ́ ọmọ kan tí yóò máa ṣojú àwọn ọ̀dọ́ ni nǹkan yí padà. Àwọn méjèèjì kọ̀wé. Yusrah ni wọ́n mú.

Ìyẹn ì bá ṣeé gbé mì, bí kì í bá ṣe ti Alhaja Àsúmáù. Tẹ́lẹ̀, bí àlejò bá wọlé, ohun tí ìyá àgbà máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé, "Hameedah mi nìyí, òun ni akọ̀wé wa." Láti ìgbà tí káàdì ti dé ọrùn Yusrah, ọ̀rọ̀ náà yí: "Yusrah wa wà lára àwọn tó ń ṣètò ilẹ̀ o." Yusrah yìí kan náà tí kò lè kí èèyàn kó dọ́gba ní Yorùbá, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Hameedah bá ti gbọ́ "Yusrah wa," àyà rẹ̀ a máa ta á. Owú ni. Ó mọ̀ pé owú ni, kò sì lè lé e lọ.

Kọmíṣọ̀n náà, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Òun ló ń ya àwòrán bí wọn yóò ṣe lo ilẹ̀ àti ilé tó jẹ́ ti gbogbo ẹ́sítéètì: ibí ni ọgbà, ibí ni ṣọ́ọ̀bù, ibí ni ibi ìgbọ́kọ̀sí. Òun náà ló tún ń fúnni láṣẹ: ta ni yóò lo ṣọ́ọ̀bù, ta ni kò ní í lò ó. Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin, alága ẹgbẹ́ àwọn ayálégbé, ti ń wí i tipẹ́ pé iṣẹ́ méjì yẹn pọ̀ jù fún èèyàn méje, pé ẹni tó gé ẹran kọ́ ló yẹ kó tún máa pín in. Lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ Hameedah ni wọ́n fi bi gbogbo ilé léèrè: ṣé kí a pín kọmíṣọ̀n sí méjì, àbí kí a fi í sílẹ̀ bó ṣe wà?

Hameedah ka ìpínrọ̀ kìn-ín-ní, ó sọ ìbéèrè náà fún wọn. Ó ka ìkejì, ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Nígbà tó dé ìkẹta, ọkàn rẹ̀ fò sókè. Wọ́n ní bí ìdìbò bá gba pípín, gbogbo ọmọ kọmíṣọ̀n yóò fi àga sílẹ̀, wọn yóò sì yan àwọn tuntun, pẹ̀lú ọ̀dọ́ kan nínú ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ̀ lọ sí káàdì ọrùn Yusrah. Ó ń wò ó bíi pé wọ́n ti gbà á kúrò níbẹ̀.

Ìgbà náà ló rí ìpínrọ̀ kẹrin. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbogbo ìbéèrè àṣẹ tí kọmíṣọ̀n kò tíì dá lóhùn yóò padà sí ìbẹ̀rẹ̀, àti pé ìgbìmọ̀ tuntun kò ní í lè gbé wọn yẹ̀ wò títí di oṣù Kejì ọdún tó ń bọ̀.

Ara àwọn ìbéèrè náà ni ti àwọn ìyá yìí gan-an. Ilé ìfọṣọ kan wà nísàlẹ̀ búlọ́ọ̀kù wọn tó ti kógbá sílé. Òun ni wọ́n fẹ́ máa lò fún àsàlátù, nítorí ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ Alhaja ti fẹjọ́ ariwo ẹsẹ̀ sùn lẹ́ẹ̀mejì, àwọn tó ni ilé sì ti kìlọ̀ pé èrò ti pọ̀ jù nínú pálọ̀ kan. Ìpàdé oṣù Keje nìkan ló kù tí wọn yóò fi gba kọ́kọ́rọ́. Bí Hameedah bá ka ìpínrọ̀ kẹrin, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí yóò dìbò kí wọ́n pín kọmíṣọ̀n.

Ó gbójú kọjá níbẹ̀, ó bọ́ sí ìkarùn-ún.

"Wọ́n ní kí ilé kọ̀ọ̀kan fi máàkì sí ibi kan," ó wí, "kí ẹ sì ju ìwé náà sínú àpótí tó wà ní ọ́fíìsì kó tó di ọjọ́ Ẹtì."

"Ṣé ó tán?" Yusrah ló bèèrè. "Is that everything, Hameedah?"

Ọmọ kọmíṣọ̀n ni Yusrah, òfin sì kà á léèwọ̀ fún un láti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ìdìbò náà. Hameedah mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wò ó lójú tààrà.

"Ó tán."

Àwọn ìyá ní kó sọ èyí tó dáa fún àwọn. Ó ní ti Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin ló dáa, kí wọ́n pín in. Ó wá ń lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka hàn wọ́n níbi tí wọn yóò fi máàkì sí, títí ìwé méjèèjìdínlógún fi pé. Alhaja Àsúmáù ló fi máàkì tirẹ̀ sí i gbẹ̀yìn. "Ọlọ́run á gbé ẹ ga, akọ̀wé wa," ó wí. Àdúrà ọjọ́ náà kò dùn tó ti tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ka ìbò, ilé mọ́kànlélọ́gọ́ta ní kí wọ́n pín in, ilé méjìléláàádọ́ta ní kí wọ́n má pín in. Kò dìgbà tí èèyàn bá mọ ìṣirò dáadáa kó tó mọ ibi tí ìyàtọ̀ yẹn ti wá. Lọ́jọ́ náà, Hameedah rí Yusrah tó ń bọ̀ láti ọ́fíìsì, ọrùn rẹ̀ ṣófo. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ra súyà jẹ ní Rye Lane, ó sì ń kọrin wọlé. Ó gba fọ́ọ̀mù àga tuntun, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i gàdàgbà. Ó ku kí àgbà méjì bá a fọwọ́ sí i.

Adùn yẹn kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Lẹ́tà méjì jọ wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan náà. Èkíní ní ìbéèrè ilé ìfọṣọ ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó di oṣù Kejì. Èkejì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ilé: láti ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, èrò kò gbọdọ̀ pé jọ sílé Alhaja mọ́.

"Ṣé wọ́n sọ èyí fún wa tẹ́lẹ̀?" Alhaja Àsúmáù bi í.

"Mi ò rí i níbẹ̀, Grandma."

Irọ́ kì í dá rìn, ó ti fa èkejì lọ́wọ́. Ìyá àgbà gbé hìjáàbù wọ̀, ó ní Gbádégẹṣin ti rẹ́ àwọn jẹ, òun yóò sì bi í lójú ara rẹ̀. Ó mú lẹ́tà ìdìbò tí Hameedah kà fún wọn lọ́jọ́sí dání, ó ní kí Hameedah tẹ̀ lé òun. Orúnkún rẹ̀ kò dáa, àkàsọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń gbà á ní àkókò, Hameedah sì dì í lápá mú.

Èèyàn mẹ́rin ti wà ní ọ́fíìsì nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀. Alhaja kò tiẹ̀ jókòó. Ó bi Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin lójú gbogbo wọn pé kí ló dé tó fi irú ọ̀rọ̀ yìí pa mọ́ fún àwọn àgbàlagbà tí kò lè ka Òyìnbó. Ọkùnrin náà kò bínú. Ó bẹ̀ ẹ́ kó jókòó, ó gba lẹ́tà náà, ó fi awò ojú sójú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní Yorùbá láti òkè. Bó ṣe ń kà á ni Alhaja ń fi ìka tọ ibi tó dé. Nígbà tó ka ìpínrọ̀ kẹrin, ìka náà dúró.

"Eléyìí," Alhaja wí, "mi ò gbọ́ ọ rí."

Ó wo Hameedah lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ilẹ̀ bá lanu ní Peckham lọ́jọ́ náà, Hameedah ì bá wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà yíjú sí Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin. "Má bínú, ọmọ mi. Mo fẹ̀sùn tí kì í ṣe tìrẹ kàn ọ́ lójú èrò. Inú ilé tèmi ni àṣìṣe náà ti wá." Alhaja tó jẹ́ Ìyá Àdínnì, olórí àwọn obìnrin àsàlátù, ẹni tí Hameedah kò rí rí kó bẹ ẹnikẹ́ni, ló ń bẹ̀bẹ̀ yìí nítorí rẹ̀.

Wọ́n padà dé orí àtẹ̀gùn ilé. Alhaja dúró sínmi níbi ìyípo kejì.

"Kí ni mo fi dù ọ́, Hameedah?"

Ẹkún gbọ̀n ọ́n. "Ẹ ò fi nǹkan kan dù mí, Grandma. Owú Yusrah ló ń jẹ mí. Gbogbo ìgbà lẹ̀ ń pè é ní Yusrah wa. Mo fẹ́ kí wọ́n gba káàdì yẹn lọ́rùn ẹ̀."

"Mi ò lòdì sí i pé kí wọ́n pín kọmíṣọ̀n," ìyá àgbà wí. "Bóyá òun gan-an ló dáa. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n mọ ohun tó máa ná mi kí n tó fọwọ́ sí i. Ìwọ la fi ṣe ojú, o wá dijú mọ́ wa."

Ó ní Hameedah fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ọ́ fún àwọn ìyá. Kò sì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, kò sí àgbà mìíràn tó fọwọ́ sí i. Dámisọ́lá, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun tó ń gbé ní búlọ́ọ̀kù kejì, ló padà gba àga náà.

Lọ́jọ́ Àìkú, yàrá kan tí wọ́n yá lókè ṣọ́ọ̀bù táyà ní Old Kent Road ni wọ́n ti ṣe àsàlátù. Bọ́ọ̀sì méjì ni wọ́n wọ̀ débẹ̀, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì ga. Alhaja Àsúmáù kò lè gùn ún. Ilé ló wà, wọ́n gbé fóònù sórí tábìlì kó lè máa gbọ́ wọn. Nígbà tí Hameedah gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ àgbà tó ń ṣe àmín láti inú fóònù, pẹ̀lú bí ó ṣe jẹ́ pé Alhaja ló máa ń ṣáájú àdúrà tẹ́lẹ̀, ó mọ ohun tí òun ti bà jẹ́.

Ó kúnlẹ̀ láàárín wọn, ó jẹ́wọ́, ó sì sọ ìdí rẹ̀ lójú Yusrah. Ìyá kan pòṣé. Òmíràn ní òun kò ní í gbé lẹ́tà ọsibítù òun fún un mọ́. Kò sí ẹni tó gbàdúrà fún un.

Yusrah bá a níta lẹ́yìn náà. "Mo mọ̀," ó wí. "I'd read it already. Òfin ní kí n má sọ̀rọ̀, but mo ń sọ nínú mi pé á sọ ọ́. Hameedah máa sọ ọ́."

"Ṣé o ṣì ń bínú?"

"Yeah. Mo ṣì ń bínú."

Ó sọ ọ́, kò sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí lẹ́tà mìíràn tó dé láti ẹ́sítéètì. Lókè ṣọ́ọ̀bù táyà, àwọn ìyá wo ara wọn, wọn kò mọ ẹni tí wọn yóò gbé e fún. Ohùn Alhaja ló jáde láti inú fóònù. "Wọ́n ní iṣẹ́ méjì pọ̀ jù fún kọmíṣọ̀n kan. Ó pọ̀ jù fún ọmọ kan ṣoṣo pẹ̀lú. Láti òní lọ, Hameedah á máa kà, Yusrah á máa fi ìka tọ̀ ọ́ lẹ́yìn."

Yusrah sún àga mọ́ ọn. Owú ṣì jí díẹ̀ nínú Hameedah nígbà tí ìyá kan ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ wa," torí owú kì í kú lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ó ti rí i báyìí pé owú tí òun fi wá káàdì ọrùn ọ̀rẹ́ òun, ẹsẹ̀ ìyá àgbà òun ló lọ dá dúró sílé. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ẹni tí wọ́n bá sì fi ọ̀rọ̀ lé lọ́wọ́, kó fi í jíṣẹ́ pé pérépéré, ìbáà dùn mọ́ ọn, ìbáà má dùn mọ́ ọn.

"Ìpínrọ̀ mélòó ló wà nínú lẹ́tà náà?" Alhaja bèèrè.

"Mẹ́fà ni, Grandma," Yusrah fi Yorùbá rẹ̀ tó wọ́ dáhùn.

Hameedah bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀, ìka ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e. Nígbà tó dé ìpínrọ̀ kẹrin, ẹ̀ẹ̀mejì ló kà á.