Jẹnẹrétọ̀ Oyèdàmọ́lá

Ohun tí ẹ ti ń fura sí náà ni. Ọkùnrin tó ń kí ìyàwó rẹ̀ ní "ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa" lójú àlejò, tó ń sáré gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu géètì kí gbogbo àdúgbò lè rí i, ìkà ni nínú ilé. N kò ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín. Ibi tí àṣírí rẹ̀ gbà tú ni ẹ kò tíì mọ̀.

Oyèdàmọ́lá lorúkọ rẹ̀. Olùkọ́ ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan nílùú Ìwó. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ìmọ̀ nípa ìwà ọmọ ènìyàn ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà tó fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ: "Apá méjì ni gbogbo ènìyàn ní. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀." Bó bá sọ ọ́ tán, á yọ awò ojú rẹ̀, á nù ún, á tún fi í sójú, bí ẹni pé òun ni wọ́n bi léèrè kí wọ́n tó dá ènìyàn.

Apá kan ni Ìwó mọ̀. Kòfowórọlá ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń rí èkejì, òun àti Jọmílójú, ọmọbìnrin wọn kékeré. Bí inú bá bí Oyèdàmọ́lá, kò ní sọ̀rọ̀. Á rọra ti fèrèsé. Á jáde sẹ́yìn ilé, á tan jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí ariwo rẹ̀ bá ti gba gbogbo àdúgbò tán, á wá padà wọlé, á máa ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè.

Bẹ́ẹ̀, ilé náà ní sóólà! Iná kì í wọ́n wọn. Àwọn aládùúgbò ló rò pé ìṣe olówó ni. "Ẹ wo tíṣà! Iná ń bẹ, ó tún tan jẹnẹrétọ̀ lé e!" Wọn á sì máa kan sáárá sí i.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ẹni tó ní apá méjì, tí kò mọ ìgbà tí èkejì ń yọ, ṣé òun náà ló máa ń rántí ti fèrèsé?

Nígbà tó yá, ìyà tó fi ń jẹ obìnrin náà kò tó o mọ́. Ó fẹ́ gbé Láyọ̀ wọlé. Ta ni Láyọ̀? Òṣìṣẹ́ báǹkì ni, ọ̀rẹ́ Kòfowórọlá láti iléèwé girama, ẹni tó máa ń wá nu omijé ojú rẹ̀. Ó nu omijé náà títí ó fi dé yàrá ọkọ. Ṣùgbọ́n Oyèdàmọ́lá kò kàn fẹ́ lé ìyàwó lọ. Ó fẹ́ lé e, kí gbogbo ayé sì wá bá òun kẹ́dùn.

"Ìwọ lè lọ," ló sọ fún un lọ́jọ́ kan tí jẹnẹrétọ̀ ń dún. "Jọmílójú ò lọ. Kò ní pẹ́ gbàgbé bí ojú ẹ ṣe rí."

Ohun tó gbé ẹ̀rù sí Kòfowórọlá láyà nìyẹn. Ilé kò dùn ún. Ọkọ kò dùn ún mọ́. Ọmọ rẹ̀ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday kan, Oyèdàmọ́lá pe ẹbí méjèèjì sí pálọ̀, ó ní kí Láyọ̀ náà wá. Bàbá Àmúdà, ẹ̀gbọ́n bàbá Oyèdàmọ́lá, wolé-wolé tó ti fẹ̀yìntì, ló kọ́kọ́ wọlé. Bàbá Ṣàngóbùnmi, bàbá Kòfowórọlá, tẹ̀ lé e, ó ti Kuta nítòsí Ìwó wá lórí ọ̀kadà, omi òjò ṣì wà ní fìlà rẹ̀. Bí wọ́n ṣe wọlé ni ohùn kan ké láti inú àgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri:

"Ẹ káàbọ̀ sí Ìwó, ilé odídẹrẹ́!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo ọmọ Ìwó ló ń fi odídẹrẹ́ yangàn lẹ́nu, ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ló ní i nílé? Orí Oyèdàmọ́lá wú.

"Ẹyẹ mi nìyẹn, bàbá! Èmi ni mo kọ́ ọ. Mi ò kí ń jẹ́ kí ìyá Jọmílójú bá a sọ̀rọ̀ rárá, kó má lọ kọ́ ohùn oko. Bí mo bá ti ń jáde, inú yàrá mi ni mò ń tì í mọ́. Ọ̀kan ṣoṣo ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀, òun nìyí." Ó lu àpò rẹ̀. "Ohun tí kò bá ṣojú mi, ẹyẹ yìí ò lè mọ̀ ọ́n!"

Bàbá Ṣàngóbùnmi gbọ́ "ohùn oko" yẹn. Ó gbọn omi òjò fìlà rẹ̀ sílẹ̀.

Wọ́n jókòó. Oyèdàmọ́lá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì mú ẹkún sóhùn.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ gbà mí! Èmi tí mò ń kọ́ ayé pé apá méjì ni ènìyàn ní, mi ò mọ̀ pé inú ilé mi ni mo ti máa rí i! Lóde, obìnrin yìí dùn bí oyin. Nínú ilé, ó korò bí jogbo! Ó ń bú mi, ó ń bú ìyá tó bí mi. Ẹ̀rù oúnjẹ ẹ̀ ń bà mí!"

"Kòfo," ni bàbá rẹ̀ wí, "ṣé òótọ́ ni?"

Ó kúnlẹ̀. "Bàbá mi, ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún tó máa gbà mí gbọ́? Ẹ jẹ́ kí n mú ọmọ mi lọ. Mi ò béèrè ṣíbí."

"Ọmọ kẹ̀!" Oyèdàmọ́lá dìde. "Ẹ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ ẹ̀ fúnra ẹ̀ sọ̀rọ̀. Láyọ̀, jọ̀ọ́, má bẹ̀rù."

Láyọ̀ kúnlẹ̀. Ó ti fi áńkáṣíìfù sójú kí omijé tó jáde. "Kòfo, dárí jì mí. Ẹ̀yin bàbá, ó sọ fún mi pé òun máa fi nǹkan sọ́bẹ̀ ọkọ òun. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ òun, òun á kúkú pa ọmọ náà."

"Láyọ̀!" Kòfowórọlá pariwo. "Ojú mi ni o ń wò tí o fi ń sọ ọ́? Ìwọ tí mo bọ́ aṣọ, tí mo fi àpá ẹ̀yìn mi hàn?"

"Àpá wo? Kí n má rí ọ̀la bí irọ́ bá wà níbẹ̀! Abirùn ni ẹ́, Kòfo! Olójú méjì!"

Bàbá Àmúdà mí kanlẹ̀. "Bó bá rí báyìí, a ò lè fi ọmọ sílẹ̀ fún un. Jọmílójú á dúró lọ́dọ̀ bàbá ẹ̀."

Kòfowórọlá wó lulẹ̀ bí aṣọ tó já lókùn. Láyọ̀ wo Oyèdàmọ́lá. Oyèdàmọ́lá kò wò ó, ṣùgbọ́n igun ẹnu rẹ̀ mì.

Àsìkò náà gan-an ni fáànù dúró. Òjò ti ń rọ̀ láti àná, sóólà kò rí oòrùn jẹ. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lójú Bàbá Àmúdà. Bó bá jẹ́ ènìyàn lásán ni, á ní kí wọ́n fara dà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá ìyìn ni Oyèdàmọ́lá.

"Ẹ má jẹ́ kí ooru mú yín, bàbá. Mò ń bọ̀."

Ó jáde sẹ́yìn ilé. Jẹnẹrétọ̀ bú gbàmù.

Jọmílójú, tó jókòó ti ìyá rẹ̀, fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ó sì di ojú.

"Kí ló dé, ọmọ mi?" ni Bàbá Ṣàngóbùnmi bi í.

Kí ọmọ tó dáhùn, odídẹrẹ́ gbọn ìyẹ́. "Ẹlẹ́gbin!" Ohùn Oyèdàmọ́lá ni, kedere, bí ẹni pé ó wà nínú àgò. "Ọmọ ará oko Kuta! Lónìí, màá fọ́ ẹnu yẹn fún ẹ!" Ẹyẹ wá sunkún bí obìnrin: "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Jọmílójú, ẹ jọ̀ọ́! Ọmọ ń wò wá!" Lẹ́yìn náà ló ń ṣe bí ìgbájú tó ń dún: "Tọ́ọ̀! Tọ́ọ̀!"

Bí Oyèdàmọ́lá bá ń bú ìyàwó rẹ̀, ẹyẹ á dákẹ́, á máa gbọ́, bí akẹ́kọ̀ọ́ rere. Lónìí ni jẹnẹrétọ̀ kọ́kọ́ dún tí olùkọ́ kò sọ nǹkan kan. Ẹyẹ bá ka iṣẹ́ rẹ̀.

Kò tíì kà á tán. Àṣé ọkùnrin yìí ń fi ariwo jẹnẹrétọ̀ bo ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí fóònù náà. Ohùn ẹyẹ rọ̀, ó wá dùn bí ti ọkọ ìyàwó tuntun: "Láyọ̀ mi, ṣé o ti há a sórí? Tún un sọ. Ṣé o ti há a sórí?"

Oyèdàmọ́lá wọlé, ó ń fọwọ́ pawọ́. "Atẹ́gùn ti dé!" Ó rí ojú wọn. Ó gbọ́ ẹyẹ. Ó sáré padà, ó pa jẹnẹrétọ̀.

Ilé pa lọ́lọ́.

"Ẹ káàbọ̀ sí Ìwó, ilé odídẹrẹ́!" ni ẹyẹ wí.

"Lọ tan án," ni Bàbá Àmúdà wí.

"Bàbá, epo ti..."

"Mo ní kí o lọ tan án!"

Ó tan án. Ẹyẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti "Ẹlẹ́gbin," kò fo ọ̀rọ̀ kan. Láyọ̀ ti mú báàgì rẹ̀, ó ń rìn tìkọ̀tìkọ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà. Kòfowórọlá nu ojú rẹ̀.

"Láyọ̀, ọ̀rẹ́ mi," ló wí, ohùn rẹ̀ kò ga rárá. "Ó ń bi ẹ́ ní nǹkan. Ṣé o ti há a sórí?"

Láyọ̀ sá bọ́ sínú òjò, bàtà rẹ̀ kan kù sẹ́nu ọ̀nà.

"Apá méjì ni gbogbo ènìyàn ní!" Oyèdàmọ́lá yọ awò ojú rẹ̀. "Ìwé ló..."

"Èmi náà ní méjì," ni Bàbá Àmúdà dá a lóhùn. "Nígbà tí mo ń ṣe wolé-wolé, ìlú ń sá fún mi, nílé, ọmọ-ọmọ mi ń fà mí nírùngbọ̀n. Ojú gbogbo ayé ni mo ti ń ṣe méjèèjì. Tìẹ kì í ṣe méjì, Oyèdàmọ́lá. Ẹyọ kan ni. Aṣọ ni èkejì, o sì ń bọ́ ọ sílẹ̀ bí o bá ti ilẹ̀kùn tán." Ó yíjú sí Kòfowórọlá. "Ìyàwó wa, dárí jì wá. Mú ọmọ rẹ, kí o bá bàbá rẹ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ, èmi ni kó kọ́kọ́ bá jà."

Bàbá Ṣàngóbùnmi gbé Jọmílójú kọ́ èjìká. Ọmọ náà kò wẹ̀yìn.

Oyèdàmọ́lá dì mọ́ ẹsẹ̀ Bàbá Àmúdà. "Ẹ gbọ́ mi! Obìnrin yìí ló kọ́ ẹyẹ! Bí mo bá ti jáde, òun ló ń jókòó tì í, tó ń kọ́ ọ ní gbogbo rẹ̀ láti fi bà mí jẹ́! Mo fi Ọlọ́run búra!"

Ojú gbogbo wọn lọ sí ara rẹ̀, níbi tó wà nílẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni kọ́kọ́rọ́ yàrá tó ń ti ẹyẹ náà mọ́, àpò Oyèdàmọ́lá ló sì wà.