Ọjọ́ Tí Tẹ́júọlá Fa Àwọn Àna Rẹ̀ Wálé

Iwájú géètì ilé iṣẹ́ àwo tánńganran kan ní Ọ̀rẹ̀gún ni ọkọ̀ pijó bàbá Tẹ́júọlá kú sí, ibẹ̀ náà ni Tẹ́júọlá sì ti kọ́kọ́ rí Mùíbì. Ọkọ̀ tó bá bàjẹ́ sójú ọ̀nà ni ọkùnrin náà ń fà jẹun. Ó ní píkọ̀ọ̀pù kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dàgbà ju òun fúnra rẹ̀ lọ, okùn kan tó nípọn bí ọrùn ọwọ́, àti ẹnu tí kì í sinmi.

Ọdún 1990 ni. Àwọn ológun ló wà lórí àlééfà, SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, sì ti sọ gbogbo ìlú di ẹni tó ń tún àlòkù ṣe. Tẹ́júọlá ti pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, akọ̀wé ni nílé iṣẹ́ náà, àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n sì fún un ní lẹ́tà pé kó máa lọ sílé. Ọgọ́rin ni àwọn tí wọ́n lé. Àwọn yòókù ń sunkún lẹ́nu géètì. Òun ká lẹ́tà tirẹ̀ sínú báàgì, ó ní, "Kò burú."

Oṣù mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà ni bàbá rẹ̀ kú. Kò sunkún nígbà yẹn náà. Kì í ṣe pé ó ń mú un mọ́ra o. Ẹkún ni kò wá. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀, kò sì korò. Ó ń jí, ó ń wẹ̀, ó ń kí ènìyàn, àmọ́ bí ẹni tí ẹsẹ̀ kú tipiri ló ṣe ń rìn láàárín ayé.

"Sìsí, ṣé ẹ mọ ọkọ̀ wà?" Mùíbì bi í.

"Mo mọ̀ ọ́n wà."

"Ṣé wọ́n ti fà yín rí?"

"Rárá."

"Kò le, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ sí kéèyàn máa wakọ̀. Ẹ ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ yí i díẹ̀, kí sítíárì má bàa há. Ẹ má yọ ọ́ títí a ó fi dé. Búrékì á le bí òkúta torí ẹ́ńjìnnì ò ṣiṣẹ́, gbogbo agbára ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ tiyín ni pé kí okùn má dẹ̀. Tó bá dẹ̀ tí mo wá fà á lójijì, á já. Tẹ́ ẹ bá ti rí i tí mo na ọwọ́ síta, ẹ tẹ búrékì kí èmi tó tẹ tèmi."

Ó so àkísà pupa mọ́ àárín okùn kí àwọn ẹlòmíràn lè rí i, ó sì wọ inú píkọ̀ọ̀pù rẹ̀ lọ.

Láti Ọ̀rẹ̀gún títí dé ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Agége, okùn náà kò dẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí Mùíbì sọ̀kalẹ̀, ó wo okùn, ó wo obìnrin náà.

"Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn ọkùnrin pàápàá máa ń wá kọ lu ìdí ọkọ̀ mi. Ta ló kọ́ yín ní irú sùúrù yìí?"

"Kì í ṣe sùúrù," Tẹ́júọlá dá a lóhùn. "N kì í mọ nǹkan kan lára mọ́ ni."

Mùíbì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bá a wá àga.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi tún ọkọ̀ náà ṣe, ṣùgbọ́n odindi ọdún kan ni Mùíbì fi ń wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin náà ẹ mọ irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Lónìí, omi rédíétọ̀ ni ó wá wò. Lọ́la, ó ní afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀yìn kò tó. Ìyá Tẹ́júọlá á gbé omi fún un, á sì padà sẹ́yìnkùlé láìsọ nǹkan kan.

Tẹ́júọlá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra àwo tánńganran nílé iṣẹ́ tó lé e kúrò, ó ń fi pijó kó o lọ tà ní àwọn ọjà ìletò. Mùíbì ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ẹrù.

"Èyí tó bá wúwo, ìsàlẹ̀ ni. Tì í mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó, má kó gbogbo ẹ̀ sídìí búùtù, torí iwájú ọkọ̀ á fúyẹ́, sítíárì ò sì ní gbọ́ràn sí ẹ lẹ́nu. Èyí tó fúyẹ́ ni kó wà lókè. Orí ọkọ̀ kì í ṣe orí èèyàn, Tẹ́jú. Kò mọ ẹrù rù."

Ẹ ó ti rí i pé "ẹ" ti di "ìwọ" láàárín wọn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò ká wọn mọ́ ẹ̀bá ọ̀nà ní Maryland, wáípà kò sì ṣiṣẹ́. Wọ́n páàkì, wọ́n ń dúró kí òjò dá.

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ," ni Mùíbì wí. "Mo fẹ́ fi ẹ́ ṣaya. Kí ni ìwọ rí sí i?"

Tẹ́júọlá wo dígí iwájú tí omi ń ṣàn lórí rẹ̀. "Mi ò ní purọ́ fún ẹ, Mùíbì. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe mí. Tó o bá wá, kò burú. Tó ò bá wá... tó ò bá wá, mo máa ń wo ẹnu ọ̀nà."

"Ìyẹn ti tó mi ná. Ìfẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi á tó wa jẹ, àyànfẹ́ mi, títí tìẹ náà á fi dé."

Ó dì í lọ́wọ́ mú. Ọwọ́ náà gbóná. Tẹ́júọlá mọ̀ pé ó gbóná, bí ènìyàn ṣe ń mọ̀ pé agogo kan ń lù nílé ẹlòmíràn.

Olúgbénró, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló di olórí ilé lẹ́yìn bàbá wọn. Ọ̀gá kékeré ni ní sẹkitéríàtì ìjọba ní Aláúsá, kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ Mùíbì sétí.

"Kì í ṣe torí pé ó ń kírun," ó wí. "Àwọn àbúrò Bàbá wa méjì ń kírun. Kì í sì ṣe torí pé ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Àmọ́ ẹni tó ń fa ọkọ̀ kiri títì, ṣé bí wọ́n ṣe máa fa ìwọ náà kiri nìyẹn? Tẹ́jú, ṣé o fẹ́ràn ọkùnrin yìí?"

"Kò burú, Bọ̀ọ̀dá."

"Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó wí, Màámi? Mo bi í ní ọ̀rọ̀ ọkọ, ó ní kò burú. Báyìí náà ló sọ nígbà tí wọ́n lé e níbi iṣẹ́. Mi ò lè fi ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe é fọ́kọ."

Ọ̀rọ̀ Olúgbénró kò burú náà. Ká má purọ́ mọ́ ọn. Ìyá wọn bẹ̀ ẹ́ títí, ló bá dá ọjọ́ kan ṣoṣo fún ìtọrọ ìyàwó. Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, aago méjìlá ọ̀sán. Bí ẹbí Mùíbì kò bá tíì wọlé kí agogo tó lù, ọ̀rọ̀ parí, kò sì sí ọjọ́ mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Èkó mọ̀ pé Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù ni ọjọ́ ìmọ́tótó, tí ṣọ́jà kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rìn títí di aago mẹ́wàá. Olúgbénró mọ̀ ọ́n jùlọ.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Tẹ́júọlá wọ aṣọ òfì, wọ́n sì fi í sínú yàrá bí àṣà ti wí, nítorí ìyàwó kì í jáde títí wọn ó fi pè é. Aago mọ́kànlá ti kọjá dáadáa nígbà tí ẹnì kan kan fèrèsé ẹ̀yìn. Shuaib ni, mẹkáníìkì tí òun àti Mùíbì jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kadà ló gùn dé.

"Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Mùíbì àti ẹbí rẹ̀ ti hó ní Aláúsá," ó wí. "Gáàsìkẹ́ẹ̀tì ẹ́ńjìnnì ti jóná. Ọkọ̀ wágọ́ọ̀nù tá a yá ni."

"Kí ló fà á?"

Shuaib ṣàlàyé. Bàbá Sàláwù, ẹ̀gbọ́n bàbá Mùíbì tó tọ́ ọ dàgbà, ti wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá náà ní a kì í fi ẹrù ìyàwó pamọ́ sínú búùtù bí ẹrù olè. Káyé rí i. Ni wọ́n bá di iṣu méjìlélógójì, àpò iyọ̀ àti kẹ́ẹ̀gì epo sórí káríà òkè ọkọ̀. Mùíbì tó ń kọ́ gbogbo ayé ní ẹrù dídì kò lè la ẹnu bá ẹni tó tọ́ ọ. Bí ọkọ̀ ṣe ń fì sọ́tùn-ún fì sósì, ó ń fi jíà kejì wà á láti Agége kó má bàa dojú dé, títí ẹ́ńjìnnì fi hó.

"Píkọ̀ọ̀pù ńkọ́?"

"Agége ló wà. Kí n tó lọ gbé e dé, aago kan á ti lù. Epo ò sí nílùú, kò sí ọkọ̀ tó fẹ́ dúró."

Tẹ́júọlá mú kọ́kọ́rọ́ pijó lórí tábìlì. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú ìkòkò. Ó rí i, ó rí kọ́kọ́rọ́, ó sì fa agbada kan kúrò lójú ọ̀nà kí ọmọ rẹ̀ lè ráyè kọjá.

Nígbà tí òun àti Shuaib dé Aláúsá, wágọ́ọ̀nù náà dúró sí ẹ̀bá títì, èéfín ń rú ní iwájú rẹ̀. Tẹ́júọlá kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́.

"Ẹ kú ewu ọ̀nà, Bàbá."

"Ta nìyí?" Bàbá Sàláwù bèèrè.

Ojú ti Mùíbì. "Tẹ́júọlá ni, Bàbá."

"Ìyàwó tí a ń lọ tọrọ?"

"Òun ni, sà."

Bàbá yí ojú sí apá kejì títì. "Mi ò rí ẹnì kankan o," ó wí.

Ẹni tí wọn kò rí kò nílò àṣẹ. Tẹ́júọlá ní kí wọ́n sọ gbogbo ẹrù kalẹ̀ lójú àwọn èrò ọ̀nà. Òun àti Shuaib kó iṣu sí búùtù pijó, wọ́n tì í mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó. Ó ní kí àwọn ìyá mẹ́ta tó tẹ̀lé Bàbá wá bá òun jókòó, torí ọkọ̀ tó ń fà gbọ́dọ̀ wúwo ju èyí tí wọ́n ń fà. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀ tòun ti aṣọ òfì, ó so okùn tó mú jáde láti inú pijó mọ́ ibi tó le. Bàbá Sàláwù kọ̀, kò wọ ọkọ̀ ìyàwó. Wágọ́ọ̀nù ló jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mùíbì.

"Tẹ́jú tèmi," Mùíbì rọra pè é. "Rọra fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀."

"Mo gbọ́."

Ó gbéra. Okùn nà, kò sì dẹ̀. Nínú dígí, ó rí ojú Mùíbì lẹ́yìn, ó tẹjú mọ́ okùn, òógùn ń dà lójú rẹ̀. Ó wo aago ọwọ́: ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún kí aago méjìlá lù. Ìgbà yẹn ni àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n lè pẹ́. Ẹ̀rù náà yà á lẹ́nu, ó sì mú un dání bí ẹni tó rí ohun tó ti sọnù pẹ́.

Kò sáré. Ẹni tó ń fa ọkọ̀ kì í sáré.

Nígbà tó ku ilé mẹ́rin kí wọ́n dé, Mùíbì fọn fèrè ọkọ̀ pé kó dúró. Bàbá Sàláwù ti sọ̀kalẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró tán.

"Wọn ò ní fi okùn fà mí wọlé àna," ó sọ fún afẹ́fẹ́. "Ẹ tú u. A ó tì í."

Wọ́n tú u. Bàbá ká apá agbádá rẹ̀ sókè, ó fi èjìká ti wágọ́ọ̀nù náà pẹ̀lú Shuaib. Àwọn ìyá ru iṣu. Tẹ́júọlá gbé pijó gba ẹ̀yìnkùlé, ó sáré wọ yàrá, ó jókòó.

Ìṣẹ́jú méje ni wọ́n fi kọjá aago méjìlá.

Olúgbénró kò jẹ́ kí wọ́n jókòó. "Ẹ kú ìrìn, Bàbá," ó wí, "ṣùgbọ́n àdéhùn ni àdéhùn. Agogo ti lù."

Ìyá rẹ̀ ló jáde láti ẹ̀yìn. "Olúgbénró, kí o tó lé àlejò, pe àbúrò rẹ. Kó ṣojú rẹ̀."

Tẹ́júọlá jáde, ó kúnlẹ̀. Gíríìsì ti yí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú dé ọrùn ọwọ́.

"Kí ló ṣe ọwọ́ rẹ?" Olúgbénró bi í.

Bàbá Sàláwù ń wo àjà. Mùíbì ń wo ilẹ̀.

"Ìkòkò ni ó bá mi—" ni ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

"Kì í ṣe ìkòkò, Màámi." Tẹ́júọlá yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, mo lọ fà wọ́n wá láti Aláúsá. Mo mọ̀ pé ìyàwó kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n pẹ́ ni. Ẹ̀rù bà mí pé wọn ò ní bá aago. Mo fẹ́ kí wọ́n dé. Mo fẹ́ Mùíbì."

Omi ti ń ṣàn lójú rẹ̀. Kò lè fi ọwọ́ nù ún.

Olúgbénró yí padà wo agogo tó wà lára ògiri, ó gbé àga tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì gbé e síwájú Bàbá Sàláwù.

"Màámi," ó wí, "ẹ bu omi fún un, kó fọwọ́. Àwọn àlejò wa ti dúró pẹ́ jù."