Ibà Ni Mo Wá Ṣe

Sharon kí ìyá arúgbó kan lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ tó dé, bẹ́ẹ̀ Títíladé nìkan ló ń gbé ilé náà ní Ẹgbẹ́dá, nílẹ̀ Ìbàdàn.

"Wọ́n ń gbọ̀n nínú oòrùn, Àǹtí. Mo kúnlẹ̀, mo ní, 'Ibà ni mo wá ṣe, mà.'"

Títíladé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìbà ni ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ ṣe, kó júbà àgbà. Ṣùgbọ́n Kánádà ni wọ́n bí i sí, ohùn rẹ̀ kò mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀.

"Kí ni wọ́n fi dá ọ lóhùn?"

"Wọ́n ní, 'Wàá ṣe é.'"

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Títíladé. Ó yọjú sẹ́yìnkùlé. Kò rí ẹnì kankan, àfi àpótí ìjókòó tó tutù bí omi àmù lọ́sàn-án gangan.

Ó bèèrè oògùn tí arìnrìn-àjò ń lò nítorí ibà. Sharon ní òun kò lò ó, ọmọ Ìbàdàn lòun, ẹ̀jẹ̀ òun mọ ilé.

"Ẹ̀jẹ̀ tí kò gbé ibí rí, kí ló mọ̀? Ẹ̀fọn kì í bèèrè ìlú ẹni."

Títíladé so àwọ̀n ẹ̀fọn fún un. Sharon ní ooru pọ̀ jù, ó ká a sókè.

Kò pẹ́ tó padà sí Kánádà ni òtútù mú un, pẹ̀lú orí fífọ́ àti èébì. Dókítà kan ní ọ̀fìnkìn lásán ni. Títíladé pariwo lórí fóònù: "Sọ fún wọn pé Nàìjíríà lo ti dé! Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò fún ibà, lónìí!"

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n bá ibà níbẹ̀, ó sì ti gun orí. Sharon dákú. Nígbà tí Títíladé gbọ́, gbogbo ara rẹ̀ kú. Kò sunkún, kò jẹun, kò tilẹ̀ bẹ̀rù mọ́. Ó kàn jókòó.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, bó ṣe ń múra ṣọ́ọ̀ṣì, fóònù dún. Sharon ni.

"Ọmọ mi! Ara ti yá?"

"Ó ti yá." Ohùn Sharon ni, ṣùgbọ́n Yorùbá náà já gaara, bíi ti àwọn ará oko àtijọ́. "Títíladé, o mà ti dàgbà o. Mo pọ̀n ọ́ rí, lẹ́yìnkùlé yẹn."

Kò sẹ́ni tó kéré sí i tó ń pe Títíladé lórúkọ lásán.

"Sharon ńkọ́, mà?"

"Ó ń sùn. Má jí i."