Ilé Orí Òkè Tó Ń Móoru

Oòrùn kò yọ lórí òkè yẹn fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, síbẹ̀ ògiri ẹ̀yìn ilé náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e láti inú yàrá, inú mi dùn. Kí ló dé tí inú mi ò ní dùn? Ṣebí èmi ni mo yàwòrán rẹ̀.

Iṣẹ́ mi nìyẹn, àwòrán ilé ni mò ń yà. Nígbà tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kú, ẹ̀gbọ́n mi ní ariwo ìgboro ti sú òun, kí n kọ́lé fún òun sórí òkè, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní máa wá bá òun kẹ́dùn mọ́. N kò fi iṣẹ́ náà ṣeré. Mo fẹ̀yìn ilé ti àpáta, mo gbin koríko sórí òrùlé, débi pé tí o bá ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, wàá rò pé òkè lásán lò ń wò. Mo fi gíláàsì ńlá kọjú sí oòrùn, kí ògiri máa gba ooru lọ́sàn-án, kó máa tú u sílẹ̀ lálẹ́. Kò sí jẹnẹrétọ̀, kò sí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná.

Nínú iṣẹ́ wa, a máa ń ṣírò gbogbo ohun tó ń mú ilé móoru: oòrùn, iná ìdáná, gílóòbù. A máa ń ka èèyàn náà mọ́ ọn, torí ara alààyè ní ooru tiẹ̀. Ibi tí ìṣírò mi ti kù díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ni mo fi dí i. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ilé yín mà dáa o! Ẹ ò rí i pé mo mọṣẹ́?"

Ó wà lórí àga, ó fẹ̀yìn ti ògiri. "Ìwọ yìí, o kì í jẹ́ kí ẹlòmíì yìn ọ́." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù.

Mo dì í lọ́wọ́ mú. Háà! Ọwọ́ náà tutù bí irin tó sùn síta. Mo kan iwájú orí rẹ̀, mo gbá a mọ́ra, mo wá ooru lára rẹ̀ títí, n kò rí.

"Ṣé ara yín yá?"

"Ara mi yá. Ó kàn ń rẹ̀ mí ni. Ilé ń móoru, kí ni mo tún ń wá?"

Kò sí oòrùn. Kò dáná, gílóòbù kankan ò tàn. Nínú gbogbo ohun tí mo kà, òun nìkan ló kù, ara òun nìkan sì ni ilé náà ti ń gba gbogbo ooru ẹ̀.

"Ẹ dìde, à ń lọ. Ẹ má wulẹ̀ mú nǹkan kan."

Kò bá mi jiyàn. Mo gbá a lápá mú títí a fi dé ẹnu ọ̀nà. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kan ìta, ó ṣubú lé mi lọ́wọ́. Kò mí mọ́. Mo pè é, mo gbá a létí, mo gbé etí lé àyà rẹ̀, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n mí dàgbà! Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ èémí lẹ́yìn mi, láti ojú ihò tí mo dá sí ògiri fún afẹ́fẹ́. Ó ń wọlé, ó ń jáde. Lẹ́yìn náà, ògiri húkọ́, ikọ́ ẹ̀gbọ́n mi gan-an.

Mo wọ́ ọ padà sínú ilé. Ó lajú.

"Kí lò ń sunkún fún?"

Mo jókòó tì í, mo fẹ̀yìn ti ògiri bíi tiẹ̀. Kò pẹ́, òtútù mú mi léèékánná, ó ń gùn bọ̀ lápá. Ẹ̀jẹ̀ sì ń padà sójú ẹ̀gbọ́n mi; ó ní ebi ń pa òun. Mo dìde, mo ní kí n yọ ẹsẹ̀ kan síta wò. Èémí mi dúró lọ́fun. Mo sá padà.

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìyẹ. Kùrukùru ṣì bo òkè, ẹni méjì ò sì lè tó ilé ńlá báyìí. Mo gbé fóònù, mo pe àbúrò wa ọkùnrin.

"Àwọn ọmọ ti gba ìsinmi, àbí? Kó wọn wá, kó ìyàwó rẹ náà wá. Yàrá pọ̀. Ẹ má wulẹ̀ di aṣọ òtútù o. Ibí ń móoru dáadáa."