Àmì Pupa Tí Minka Kùn

Minka jí láàárọ̀, kò rẹ́rìn-ín.

Ó sún mọ́ fèrèsé. Òkè ò sí níbẹ̀ mọ́. Kùrukùru ti gbé òkè mì.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òkè ni Minka ń wá. Liska ló ń wá.

Liska ni ewúrẹ́ rẹ̀. Ó funfun, etí rẹ̀ kan dúdú, ó sì lágídí gan-an. Àná ló ti jáde. Kò tíì wọlé.

Minka gbé agolo iyọ̀ síta. Ó mì í.

Ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀! Ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀!

Kò sí ewúrẹ́ tó máa gbọ́ ìró iyọ̀ tí kò ní sáré wá. Minka dúró. Ó dúró títí. Atẹ́gùn nìkan ló dáhùn.

Huuuu. Huuuu.

"Liska ti kú," ni Minka wí. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Ta ló sọ fún ẹ?" ni Bàbá Àgbà bi í. Bàbá Àgbà ń wọ bàtà òkè rẹ̀, bàtà ńlá tó wúwo. "Wo ẹnu kékeré yìí! Ọ̀rọ̀ burúkú nìkan ló mọ̀ ọ́n sọ."

Bàbá Àgbà gbé báàgì kọ́ èjìká. Ọ̀dà pupa wà nínú báàgì náà. Ọ̀dà funfun wà níbẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì náà wà níbẹ̀.

Àmì ni Bàbá Àgbà máa ń kùn sára òkúta. Òrùka pupa, funfun láàárín. Ó rí róbótó bí ojú. Ibi tí o bá ti rí i, ọ̀nà wà níbẹ̀.

"Bàbá Àgbà, tí ẹnì kan bá sọnù lórí òkè, báwo ló ṣe máa délé?"

"Á wo àmì."

"Ṣé á délé lóòótọ́?"

"Á délé. Àmì kì í parọ́, ọmọ mi. Ó yá, sọ fún màmá ẹ pé kí ọbẹ̀ ẹ̀wà tó jinná, mo ti dé."

Ko, ko, ko. Ọ̀pá rẹ̀ ń kan òkúta lọ. Kùrukùru gbé Bàbá Àgbà náà mì.

Minka jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó ń ronú.

Liska sọnù. Ẹni tó bá sọnù, àmì ló máa wò. Ṣùgbọ́n kò sí àmì kankan lọ́nà tí àwọn ewúrẹ́ ń gbà!

Ẹ má bínú sí i. Ọmọ ilé àwọn tó ń kun àmì ni. Ohun tí wọ́n ń ṣe nílé wọn ló mọ̀.

Ìyókù ọ̀dà pupa àti funfun wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ògbó kan. Màmá ń ṣe wàrà, ó kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Minka gbé wọn, ó rọra jáde.

Ó dé oríta. Òkúta ńlá kan wà níbẹ̀. Àmì Bàbá Àgbà wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n yìnyín ti lá a, ó ti ṣá.

Ọ̀nà kan lọ sílé. Ọ̀nà kejì, àwọn ewúrẹ́ ló ni ín. Ó gun bèbè àpáta lọ, ọ̀gbun sì wà nísàlẹ̀ bèbè náà. Ènìyàn kì í gbà á.

Minka gbà á.

Fììn, fììn. Òrùka pupa. Tó! Funfun láàárín.

Ó tún rí òkúta mìíràn. Fììn, fììn. Tó!

"Liska, wò ó o. Ọ̀nà ilé rèé."

Ó ń kùn ún lọ, ó ń kùn ún lọ, títí koríko fi tán nílẹ̀, tí ẹ̀rù sì ba ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó bá sáré padà sílé.

Kùrukùru túbọ̀ ki. Ọbẹ̀ ẹ̀wà jinná. Bàbá Àgbà ò dé.

Ọbẹ̀ tutù. Màmá tún un gbé kaná. Bàbá Àgbà ò dé.

Ọbẹ̀ tún tutù. Màmá ò gbé e kaná mọ́. Ó kàn ń wo ilẹ̀kùn.

"Ọ̀nà tí wọ́n ti ń rìn kí wọ́n tó bí mi," ni Màmá ń sọ. "Kí ló lè dá wọn dúró?"

Ó bojú wo Minka. "Kí ló wà lápá aṣọ ẹ yẹn? Ṣé o fara pa ni?"

"Rárá, Màmá. Ọ̀dà ni."

"Ọ̀dà kẹ̀?"

Minka fi apá náà pamọ́ sẹ́yìn. "Mo kun àmì fún Liska ni. Kó lè rí ọ̀nà wálé."

"Níbo, Minka?"

"Lọ́nà ewúrẹ́."

Màmá jókòó. Ó tún dìde. Kò pariwo rárá. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù ba Minka jù.

"Àmì tuntun ni Bàbá máa rí," ni Màmá wí. "Wọ́n á tẹ̀ lé e."

Màmá mú tọ́ọ̀ṣì. Ó mú okùn. Ó so okùn mọ́ ìdí ara rẹ̀, ó so ó mọ́ ìdí Minka.

"Ìwọ lo mọ ibi tó o kùn ún dé. Má fi ọwọ́ mi sílẹ̀ o."

Minka gbé agolo iyọ̀ mọ́ra. Kò mọ ìdí rẹ̀. Ó kàn fẹ́ di nǹkan mú.

Wọ́n dé oríta. Wọ́n yà sọ́nà ewúrẹ́. Àmì kan rèé. Òmíràn rèé. Pupa rẹ̀ ń dán nínú kùrukùru. Minka ò fẹ́ wò ó.

Wọ́n dé ibi àmì tó kẹ́yìn. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

"A ò gbọ́dọ̀ kọjá ibí," ni Màmá wí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó ké. "Bàbáaaa!"

Bàbáaa. Bàáá. Àáá. Gbogbo àpáta ló ń dáhùn.

Ohùn kan wá. "Mo wà níbííí!"

Níbííí. Bííí. Ííí. Ó wá láti ọwọ́ iwájú. Ó wá láti ẹ̀yìn. Ó wá láti òkè.

"Ibo ni? Bàbá, apá ibo?" Màmá ń yí kiri. Minka ò rí i rí kí Màmá sunkún. Ó rí i lónìí.

Minka wo agolo ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé e sókè.

Ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀. Kò sí nǹkan kan.

Ó mì í kíkankíkan. Ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀! Ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀! Ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀!

"Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!"

"Màmá, Liska ni!"

Gbolo, gbolo, gbolo. Agogo ọrùn rẹ̀ ń bọ̀. Orí funfun kan yọ nínú kùrukùru, pẹ̀lú etí dúdú kan. Ọwọ́ arúgbó kan di okùn ọrùn rẹ̀ mú ṣinṣin. Ọ̀dà wà ní èékánná ọwọ́ náà.

"Bàbá Àgbà!"

Màmá dì mọ́ ọn. Minka dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Liska ki imú bọ inú agolo iyọ̀, kò bá wọn dá sí i.

"Mo rí àmì tuntun lóríta," ni Bàbá Àgbà wí. "Mo ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń kun àmì ló kùn ún. Kùrukùru ò jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀nà ewúrẹ́ ni. Mo bá a lọ. Nígbà tí mi ò rí òmíràn, mo ń wá a síwájú. Ẹsẹ̀ mi kan bá tẹ òfìfo."

"Hẹ̀ẹ́n!" ni Màmá wí.

"Ni mo bá jókòó. Nǹkan kan sì lá mi létí. Liska ni! Òkúta ti há a lẹ́sẹ̀. Mo yọ ọ́. Nígbà tí ìró iyọ̀ dún, ó dìde, mo sì dì í mú. Èmi ò mọ ọ̀nà. Òun mọ iyọ̀."

Minka gbé ojú sókè. "Èmi ni mo kun àmì yẹn, Bàbá Àgbà."

Bàbá Àgbà wo ọ̀dà pupa tó wà lápá aṣọ Minka.

"Mo ti fura," ló wí. "Òrùka tó wọ́ báyẹn, ta tún ni?" Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kejì, òjò ń ṣẹ́ wínníwínní. Bàbá Àgbà gbé búrọ́ọ̀ṣì onírin kan fún Minka, ó mú ọ̀kan. Wọ́n padà sọ́nà ewúrẹ́.

Gọ̀rọ̀, gọ̀rọ̀, gọ̀rọ̀. Wọ́n ń ha ọ̀dà kúrò. Ìka Minka ń ta á. Ó ń ha á lọ.

Irin pẹlẹbẹ kan wà lára àpáta níbẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ sí i. *Tine*.

"Àbúrò mi ni," ni Bàbá Àgbà wí. "Ó ń bọ̀ wálé nínú kùrukùru. Kò sí àmì lóríta nígbà yẹn. Ó yà síbí, kò sì délé mọ́. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń kun àmì."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu omi òjò kúrò lójú irin náà.

"Kí àmì má sí, ó burú, Minka. Kí àmì máa parọ́, ìyẹn burú jù ú lọ."

Minka sunkún. Bàbá Àgbà ò sọ pé kó dákẹ́. Ó jókòó tì í nínú òjò títí ó fi sun ún tán.

Nígbà tí òjò dá, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ dé oríta. Àmì tó ti ṣá ṣì wà lára òkúta ńlá.

"Mú búrọ́ọ̀ṣì," ni Bàbá Àgbà wí.

"Èmi?"

"Ìwọ ni."

Ó fi ọwọ́ ńlá rẹ̀ bo ọwọ́ kékeré. Fììn, fììn. Òrùka pupa, kò wọ́ rárá. Tó! Funfun láàárín.

Ko, ko, ko. Àjèjì méjì ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ láti orí òkè. Aṣọ wọn tutù, ó ti rẹ̀ wọ́n. Wọ́n dúró lóríta. Wọ́n wo ọ̀tún. Wọ́n wo òsì.

Minka di ọwọ́ Bàbá Àgbà mú.

Wọ́n wo àmì.

Wọn ò mọ Minka. Wọn ò tilẹ̀ bi í ní nǹkan kan. Wọ́n kàn yà sọ́nà ilé, síbi tí Màmá ti ń gbé ọbẹ̀ kaná, tí Liska sì ń ké mẹ̀ẹ̀ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Àgbà," ni Minka wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "wọ́n gbà mí gbọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Jẹ́ ká tẹ̀ lé wọn."