Oògùn Tí Kò Pa Ìrora Bàbá Olórin

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo kí yín. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó jẹ́ kí a jí lónìí láìsí ìrora. Ọ̀pọ̀ ni kò rí i bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Bàbá Olórin nítorí jẹjẹrẹ ẹnu. Wọ́n gé lára ahọ́n rẹ̀ àti egungun àgbọ̀n. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kì bọ imú rẹ̀ ni oúnjẹ àti oògùn ń gbà wọ ikùn. Ní ọsibítù, oògùn ìrora olómi kan ń jẹ́ kó sùn. Nígbà tó délé, oògùn náà ò ràn án mọ́. Kò lè pariwo. Ìkúùkù ló fi ń lu ògiri.

Nọ́ọ̀sì tó wá wẹ egbò rẹ̀ wo ìgò oògùn. Èèrà ti bò ó.

"Oògùn wa ò ní ṣúgà nínú," ó ní. "Ó korò ju jogbo lọ. Wọ́n ti jí i."

Ó pe ọlọ́pàá. Wọ́n rán obìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Pẹ̀lẹ́, nítorí ó máa ń kí ọ̀daràn ní pẹ̀lẹ́ kó tó mú un.

Yàrá Bàbá ṣókùnkùn díẹ̀. Ìyá Pẹ̀lẹ́ tẹjú mọ́ Bàbá. Ọmọlójú Bàbá fẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹni tó bá lo oògùn yẹn," nọ́ọ̀sì sọ fún un, "ọmọlójú rẹ̀ á kéré bí orí abẹ́rẹ́, kódà nínú òkùnkùn."

Ẹni mẹ́ta ló ń gbé ilé náà pẹ̀lú Bàbá. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Oògùn tó ń múni sùn bí òkú! Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká gbàdúrà."

"Ẹ̀yin lẹ dà á nù, mà?"

"Èmi? Kí n fìyà jẹ ẹ̀gbọ́n mi? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Ọmọ Bàbá ń hanrun lórí àga.

"Oorun ọ̀sán, ọmọkùnrin?"

"Ọlọ́dẹ ni mí, mà. Tí n bá sùn lóru, èmi gan-an ni olè máa gbé."

Ìyàwó Bàbá fi gèlè di ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Eyín ló ń dùn mí díẹ̀," ó ní.

"Nǹkan olómi nìkan ló ń mu," àbúrò Bàbá dá sí i. "Ìyàwó wa ń bá ọkọ rẹ̀ gbààwẹ̀."

Ìyá Pẹ̀lẹ́ kó wọn wọ yàrá aláìsàn. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọlójú àbúrò fẹ̀. Ti ọmọ náà fẹ̀. Ti ìyàwó kéré bí orí abẹ́rẹ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Ẹ la ẹnu."

Egbò funfun kan wà lábẹ́ ahọ́n rẹ̀.

"Èmi ni," ó ní. "Mo ń mu díẹ̀, mo sì ń fi omi ṣúgà dí i, kó lè ki bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, omi ṣúgà nìkan ló kù. Mo mọ ohun tó ń ṣe mí. Ẹnu ọkọ mi ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Tí mo bá sọ, wọn á gbé mi lọ sí ọsibítù. Ta ni yóò máa nu itọ́ rẹ̀? Mo ń gbọ́ bó ṣe ń lu ògiri. Mo ṣì ń mu ún."

"Èmi ńkọ́, Màámi?" ọmọ rẹ̀ kígbe.

"Èmi tí mo jókòó síbí yìí ńkọ́, ìyàwó wa?" àbúrò ń sunkún. "Ṣé ère ni mí?"

Nọ́ọ̀sì ṣí ìgò tuntun, ó fa oògùn, ó mú un sún mọ́ rọ́bà. Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó nàka sí ìyàwó rẹ̀: òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ fún.

"Rárá, Bàbá," Ìyá Pẹ̀lẹ́ ní. "Tiyín nìyí. Dókítà ni yóò fún ìyá ní tiwọn. Èmi fúnra mi ni n ó gbé wọn lọ sí ọsibítù."

Bóyá ó ti pẹ́ jù fún ìyàwó náà, ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá ò jẹ́ kí oògùn wọlé títí ìyàwó rẹ̀ fi wọ bàtà.

Kí Olúwa má jẹ̀ẹ́ kí ẹ dá ìrora gbé. Bó bá dé, kó bá yín láàrin àwọn tó ń gbọ́. Àmín.