Àlàáfíà Ni, Máa Lọ

“Ẹni tí ò ń sìn kò kàn wá,” ni Bernice, olórí ẹgbẹ́ kan tó ń bẹ àwọn àgbàlagbà wò, wí, ó sì ti fọ́ọ̀mù kan sọ́dọ̀ Hameedah lórí tábìlì. “Bí o bá ń kírun, máa kí i nílé. Bí o bá ń kọrin ìyìn, máa kọ ọ́ nílé. Ohun kan ṣoṣo tí a máa bi ọ́ níbí ni ohun tí o fi ojú ara rẹ rí.”

Inú Hameedah dùn débi pé kò ka fọ́ọ̀mù náà tán kó tó fọwọ́ sí i. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Ó fẹ́ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì ní kó kọ́kọ́ fi ọgbọ̀n wákàtí ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ará àdúgbò, kó sì gba lẹ́tà wá. Ìyá rẹ̀ ti bá a wáyè ní mọ́ṣáláṣí, ṣùgbọ́n Hameedah mọ̀ pé bí òun bá sín níbẹ̀, ìyá òun á ti gbọ́ kí òun tó délé. Inúmidùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà ní kó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn, níbi tí wọ́n ti ń bu òǹtẹ̀ lu ìwé ẹni tó bá ṣáà ti jókòó. Kò fẹ́ ìkankan. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ ọmọ ẹni tí òun jẹ́ ló ń wá.

“Ẹgbẹ́ tí wọn ò ti ń dárúkọ Ọlọ́run,” ni ìyá rẹ̀ wí nígbà tó gbọ́. “Kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ ẹ níbẹ̀?”

“Mummy, hours ni mo nílò, kì í ṣe wáàsí.”

“Ó dáa. Òkè là ń wò.”

Ọgbọ̀n ọdún ni Bernice fi wa bọ́ọ̀sì kó tó fẹ̀yìn tì. Yàrá kékeré kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù aṣerunlóge ní Rye Lane, ní Peckham nílùú Òyìnbó, ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lò, iṣẹ́ ibẹ̀ kò sì le. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti parí, wàá lọ sọ́dọ̀ àgbàlagbà kan tó ń dá gbé. Wàá jókòó tì í, wàá bá a fọ ife, lẹ́yìn náà wàá kọ ọ́ sórí fóònù pé, “Mo rí i, àlàáfíà ló wà.” Bí àgbà náà kò bá ṣílẹ̀kùn, o kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Bernice ni wàá pè, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ kejì gbogbo wọn wà.

Torí pé Hameedah gbọ́ Yorùbá, Màmá Àsúmáù ni wọ́n fún un. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni, àjà kẹta ilé council kan, ìyẹn ilé ìjọba, ló ń gbé, ọmọ kan ṣoṣo tó bí sì wà ní Manchester. Ọ̀rọ̀ wọn wọ̀ kíákíá. Màmá á fi àwo dé dòdò sílẹ̀ dè é, á sì fi ẹnu rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

“Yorùbá rẹ yìí dà bí ẹ̀bà tí omi rẹ̀ pọ̀ jù.”

“Màmá, Peckham ni wọ́n bí mi sí o.”

“Èmi ni mo bí ọ síbẹ̀? Gbọ́ mi. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ pé ṣé àlàáfíà ni, àlàáfíà ni kí o dáhùn. Ì báà jẹ́ orí ìdùbúlẹ̀ lo wà. Ta ló ń pàtẹ àìsàn sẹ́nu ọ̀nà?”

Bí wọ́n ṣe tọ́ Màmá nìyẹn, bí wọ́n sì ṣe tọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa nìyẹn. Hameedah rẹ́rìn-ín, ó jẹ dòdò, ó sì mú ẹ̀kọ́ náà lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹsàn-án, Inúmidùn tẹ̀ lé e wá. Ọjọ́ ìbí ẹ̀gbọ́n Inúmidùn ni, ní Stockwell, gbogbo kíláàsì wọn ló sì ń lọ. Inúmidùn dúró sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

“Babe, ṣe é quick. Bọ́ọ̀sì ń bọ̀ in four minutes.”

Hameedah kan ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún kàn án.

“Màmá, èmi ni, Hameedah. Ṣé àlàáfíà ni?”

Ó pẹ́ kí ohùn tó jáde. “Àlàáfíà ni, ọmọ mi. Máa lọ. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ohùn náà ti wá. Ẹni tó wà lórí ìdúró kì í sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó jókòó kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Hameedah kò sì dití. Ọwọ́ rẹ̀ ti kan ihò tí wọ́n ń ti lẹ́tà wọlé lára ilẹ̀kùn. Ká ní ó bẹ̀rẹ̀ ni, tó yọjú, ìbá rí i. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó mọ̀ pé bí òun bá wò, òun kò ní lè lọ sí Stockwell mọ́.

“Àgbà ló ní kí n máa lọ,” ló sọ fún ara rẹ̀. “A kì í bá àgbà jiyàn.” Ẹ gbọ́ ọmọ olùgbọ́ràn. Ìyá rẹ̀ ní láti pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó fọ abọ́ kan nílé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, ọ̀rọ̀ àgbà ti di òfin.

Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń tẹ fóònù: “Mo rí i, àlàáfíà ló wà.” Ó ń gbọ́ nǹkan kan tó ń dún kó, kó, kó lókè. Ó sáré. Wọ́n bá bọ́ọ̀sì náà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọ Màmá pe Bernice láti Manchester. Ó ní ìyá òun kò gbé fóònù láti àná, òun sì ti di báàgì òun, òun ń bọ̀. Bernice wo àkọsílẹ̀.

“Fọkàn balẹ̀. Ọmọ wa rí i lánàá. Àlàáfíà ló wà.”

Obìnrin náà sọ báàgì kalẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé ni ọkùnrin tó ń gbé nísàlẹ̀ gòkè wá. Kì í ṣe àánú ló gbé e wá. Ariwo tó ń dún lókè orí rẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀ ló bí i nínú, ó fẹ́ wá jà. Òun ló bẹ̀rẹ̀ tó yọjú wo inú ihò lẹ́tà. Ọ̀pá ìtilẹ̀ ni Màmá ń fi lu ilẹ̀. Ó ti ṣubú bó ṣe ń jáde ní balùwẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ ti ṣẹ́, ó sì ti wà nínú ìtọ̀ ara rẹ̀ fún ọjọ́ méjì láìsí aṣọ lára.

Bernice kò pariwo nígbà tó pe Hameedah.

“Ṣé o rí i?”

“Aunty, wọ́n ní àlàáfíà ni àwọn wà.”

“Ohun tí mo bi ọ́ kọ́ nìyẹn.”

“Nínú àṣà wa, bí àgbà bá ní kí èèyàn máa lọ...”

“Ṣé àgbà ló ní kí o kọ ọ́ pé o rí òun?”

Hameedah bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Bernice dúró títí ó fi parí rẹ̀.

“Màá kọ lẹ́tà rẹ,” ló sọ. “Ohun tí mo fi ojú mi rí ni màá kọ síbẹ̀.”

Ìlà mẹ́ta ni lẹ́tà náà, ó sì wà níbẹ̀ pé Hameedah kọ ọ́ pé òun rí ẹni tí kò rí. Ilé ẹ̀kọ́ kà á, wọ́n sì kọ̀ láti fọwọ́ sí i pé kó lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́dún náà. Ìyá rẹ̀ ní, “Ká ní mọ́ṣáláṣí ni, wàá ti bẹ̀rù Ọlọ́run.” Hameedah mọ̀ pé bó jẹ́ mọ́ṣáláṣí ni, bọ́ọ̀sì Stockwell yẹn náà ni òun ìbá wọ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ó lọ bá Màmá ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí wọ́n gbé e lọ. Ó jìnnà sí Peckham, kò sẹ́ni tó ń sọ Yorùbá níbẹ̀, wọ́n sì ti gba ilé rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Orí kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn ló jókòó sí lójú fèrèsé. Hameedah kúnlẹ̀.

Màmá bi í pé, “Ṣé àlàáfíà ni?”

Ìdáhùn náà ti dé ẹnu Hameedah. Ó gbé e mì. “Rárá, Mà. Kò sí àlàáfíà.”

“O ti wá mọ̀ ọ́n sọ,” ni Màmá wí. “Ìtìjú ló jẹ́ kí n ní kí o máa lọ. Mo wà níhòòhò, ọmọdé sì ni ọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ lórí àtẹ̀gùn ni ẹ̀rù bà mí, mo wá ń fi ọ̀pá pè ọ́ padà. Ṣé o gbọ́ ọ?”

Ó lè ní òun kò gbọ́. Kò sẹ́ni tó máa já irọ́ rẹ̀.

“Mo gbọ́, Mà.”

Màmá mi orí. Ó yí ojú sí fèrèsé.

“Máa lọ,” ló wí. Kò fi “ọmọ mi” kún un lọ́tẹ̀ yìí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ojú lọ̀rọ̀ wà. Wọ́n lè fi ẹnu sọ fún yín pé àlàáfíà ni, ẹ ṣí ilẹ̀kùn kí ẹ wò ó. Bí ẹ kò bá sì wò ó, ẹ má ṣe kọ ọ́ pé ẹ rí i, torí ẹnì kan ń bẹ níbì kan tó máa tìtorí ohun tí ẹ kọ sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀.